Rodiat Oníná, Ọmọ Ọjà-Ọ̀dàn

Ní Ọjà-Ọ̀dàn, "Rodiat oníná" ni wọ́n ń pe ọmọ Màmá Mẹ̀dínátù. Ẹnjiníà ni. Abuja ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbèrò ibi tó yẹ kí wọ́n ná owó iná mànàmáná gbogbo orílẹ̀-èdè sí. Ẹ̀rọ tí ìyá rẹ̀ fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń dín gàrí ló rán an níléèwé, ẹ̀rọ díísẹ̀lì tó ń rùn, tó sì ń pariwo látàárọ̀ dalẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ìjọba ní kí wọ́n ṣètò bí wọn ó ṣe wa èédú ilẹ̀ ní Kogí, kí wọ́n sì kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá tí yóò máa fi èédú náà ṣe iná. Owó tó wà nílẹ̀ ò lè kárí ohun gbogbo. Ẹnjiníà Micah, ọ̀gá Rodiat, fẹ́ kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sórí ìwakùsà àti ilé-iṣẹ́ iná. Ọkàn Rodiat ò balẹ̀ sí i, ló bá lọ bá a ní ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, tí a bá wa èédú yìí, kí ni yóò gbé e dé ilé-iṣẹ́ iná?"

"Tírélà."

"Ọ̀nà yẹn ò lè gba tírélà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, sà. Àwọn wáyà ńlá tó wà nílẹ̀ náà ò sì lágbára. A ó ṣe iná tán, a ò ní rí i gbé kúrò níbẹ̀."

"Kí lo wá fẹ́ ká ṣe?"

"Ká wa ìwọ̀nba èédú, ká fi owó tó kù ṣe ojú irin àti wáyà ńlá ná."

"Ó dáa. Ìwọ fúnra rẹ lo máa bá ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí owó sọ ọ́."

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, Rodiat tẹ́ máàpù sórí tábìlì. Nígbà tó ṣàlàyé tán, alàgbà kan bi í ní ìlú rẹ̀, ó sì sọ fún un. Alàgbà náà wo máàpù, níbi tí Rodiat ti kọ ìpele tí iná yóò fi dé ìlú kọ̀ọ̀kan.

"Kí ló dé tí ìlú rẹ ò fi sí nínú ìpele àkọ́kọ́?"

"Tí mo bá fa wáyà lọ sílé wa kí wáyà ńlá tó lágbára, aṣọ ni wọn ó máa sá sórí ẹ̀, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fọwọ́ sí ètò náà.

Kó tó wálé fún Iléyá, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé. Alhaji Mùnírù, alága àwọn tó ń ra irè oko, wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. "Ọmọ wa, ọwọ́ rẹ ni kálámù wà, o sì kọ wá sí ìpele kejì. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

Rodiat kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Bí mo ṣe wọn Ìmẹ̀kọ àti àwọn ìlú yòókù náà ni mo wọn tiwa. Tí wáyà ńlá bá ti parí, ó kàn wá. Ilé-ìwòsàn àti ibi tí a ti ń lọ ẹ̀gẹ́ wà nínú rẹ̀."

Ìyá rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìnkùlé. "Alhaji, ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi. Ó lè fi wá ṣíwájú, kí wọ́n sì máa pè é lólè ní Abuja. Bó ṣe ṣe é yìí, mo lè dúró láàárín ọjà kí n ní èmi ni mo bí i."

Alhaji gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Àdúrà ló ṣe fún Rodiat.

Wọ́n ti ń gbé òpó irin tí wọn ó fa wáyà ńlá sí dúró ní Kogí báyìí. Rodiat fi fọ́tò òpó náà ránṣẹ́ sílé, Màmá Mẹ̀dínátù sì ń fi han gbogbo ẹni tó bá gbé ẹ̀gẹ́ wá. Ọ̀kan nínú wọn ní irin lásán lòun rí.

"Orí irin yẹn ni iná máa gbà dé ọ̀dọ̀ wa," ni màmá dáhùn. "Ọmọ mi ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀."