Ańpílífáyà Babárìndé àti Ẹ̀mí Tó Ń Gùn Ún

Ọdún mẹ́jọ ni Babárìndé ti ń ta gìtá ní ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ìdímù, kò sì sí Sọ́ńdè kan tí ẹ̀mí ò gùn ún. Tó bá ti fọwọ́ kan okùn gìtá báyìí, á gbọ̀n jìgìjìgì, eyín rẹ̀ á máa lura wọn, àwọn ìyá ìjọ á sì kúnlẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í ṣe olórí akọrin.

Ní 2009, ańpílífáyà tòkunbọ̀ tí gìtá rẹ̀ so mọ́, tó máa ń gbé ka orí sípíkà, dákẹ́, ló bá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù èmi Ràímì ní Ìkòtún. Mo rí i pé wọ́n ti kán ẹsẹ̀ kẹta pulọ́ọ̀gì rẹ̀, èyí tó yẹ kó máa darí iná lọ sílẹ̀. Aláṣọ funfun kì í sì í wọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń dúró lórí sìmẹ́ńtì, tí iná ń gba okùn gìtá wọ̀ ọ́ lára.

Inú bí mi. Mùsùlùmí ni mí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wọn ò kàn mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ iná kàn mí. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, iná ló ń gbé yín láti ọjọ́ yìí. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ ò tíì kú." Mo tún un ṣe, mo pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ó tún gbé e dé. Ó ní òun ò gbọ̀n mọ́, ìjọ sì ti ń sọ pé òun dẹ́ṣẹ̀, wọ́n fẹ́ fi ẹlòmíì ṣe olórí akọrin.

Ó tẹjú mọ́lẹ̀. "Ràímì, jọ̀ọ́, bá mi kán ẹsẹ̀ kẹta yẹn padà."