Nọ́ọ̀tì Wúlẹ̀mọ̀tù

Ọjọ́ tí Bùrẹ́ímọ̀ mẹkáníìkì dọ̀bálẹ̀ fún nọ́ọ̀tì ni gbogbo Ifọ̀ fi ń rántí rẹ̀ títí dòní. Ìlú Àgbàdo ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án gangan, níwájú èrò mọ́kàndínlógún tó wà nínú lọ́rì kan àti àwọn àna rẹ̀. Ṣòkòtò iṣẹ́ tí epo ti mú kó le gbagidi ló wọ̀. Ó na gbọọrọ sílẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Nọ́ọ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Orí rẹ̀ pé o. Àgídí ló kàn pọ̀ jù níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1956, nígbà tí lọ́rì dísẹ́ẹ̀lì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, abẹ́ igi odán kan nítòsí tẹ́ṣàn rélùwéè Ifọ̀ ni òun àti Mùsáfírù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, ti ń ṣiṣẹ́. Bùrẹ́ímọ̀ kì í bi dírẹ́bà léèrè ohun tó ṣe mọ́tò. Ó ní ẹ́ńjìnnì kì í purọ́, ti dírẹ́bà ni òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Nígbà tí Adéyanjú, tó ń fi lọ́rì kó obì àti èrò lọ sí Èkó, gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, òùngbẹ omi ló kàn ń gbẹ ẹ́. Bùrẹ́ímọ̀ ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, ó sì ṣí ìdérí rédíétọ̀, ìkòkò omi ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná rárá, omi sì ti ń hó kùṣùkùṣù.

"Bàbá, ta ló dáná sábẹ́ omi yìí?" Bùrẹ́ímọ̀ bi í.

Gásíkẹ́ẹ̀tì ló ti jó, ìyẹn abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, èéfín iná sì ti ń gba ojú jíjó náà wọnú omi. Wọ́n ní láti ṣí orí náà, kí wọ́n ha á mọ́, kí wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, kí wọ́n sì dé e padà.

Dídé e padà yìí gan-an ni wàhálà. Nọ́ọ̀tì mẹ́rìnlá ló di orí náà mú, àárín ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn, kí wọ́n máa lọ sétí díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é wúruwùru, omi á tún jò. Bùrẹ́ímọ̀ kò mọ̀wé kọ, orúkọ ará ilé rẹ̀ ló fi sọ wọ́n, bí wọ́n ṣe ń pín ẹran Iléyá: àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Ròkíátù ìyá rẹ̀ ló wà láàárín. Á ní, "Ìyáà mi, ẹ rọra jókòó," á sì fún un. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa bọ̀ títí kan Nọ́fíù àbúrò rẹ̀, ẹni ìkẹtàlá.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já a lẹ́nu. Tí wọ́n bá já a lẹ́nu, á tú gbogbo rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n wà, Yorùbá wo ló máa rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò ní kí i? "Ẹ kú iṣẹ́ o." Bùrẹ́ímọ̀ á dáhùn, á gbàgbé ibi tó dé. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló bẹ̀rẹ̀ lọ́tun láàárín ìrun Àyìlá àti Alásàrí. Láti ọjọ́ náà ni Mùsáfírù ti ń lọ dúró sétí títì, kó máa bá a dá wọn lóhùn.

Ọjọ́ tó ń ṣe ti Adéyanjú ni Wúlẹ̀mọ̀tù ìyàwó Bùrẹ́ímọ̀ gbé oúnjẹ wá, tó sì gbọ́ àwọn orúkọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó tẹ́tí sí wọn títí Bùrẹ́ímọ̀ fi dé ìkẹrìnlá, ní etí pátápátá.

"Wúlẹ̀mọ̀tù, bọ́ sípò," Bùrẹ́ímọ̀ wí.

"Ẹ̀yìn Nọ́fíù?" Wúlẹ̀mọ̀tù ní. "Nọ́fíù tí mo wẹ̀ fún, tí mo pọ̀n? Àbí torí pé ìyàwó ni mí lẹ fi mí sẹ́yìn gbogbo wọn, Bàbá Tòún?"

"Mo ní ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́, kí n gbọ́."

"N kò sọ."

"Ó dáa. Ilé bàbá mi ni mò ń lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá sọ ọ́ ni n ó padà." Ó gbé oúnjẹ rẹ̀, ó wọ rélùwéè ọ̀sán lọ sí Àgbàdo.

Inú bí Bùrẹ́ímọ̀. Ó fọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì tó kù, ó ju sípánà sílẹ̀.

"Ìkẹrìnlá ńkọ́?" Mùsáfírù bi í.

"Ó ti lọ sí Àgbàdo."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ewúrẹ́ aládùúgbò fi ń wọlé wọn jẹ ẹ̀lùbọ́, nítorí kò sí ẹni tó rántí ti ilẹ̀kùn. Bùrẹ́ímọ̀ kì í jẹun kánú mọ́, Mùsáfírù ní kó lọ bẹ ìyàwó rẹ̀, Bùrẹ́ímọ̀ ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ obìnrin.

Lọ́jọ́ kẹrin, lọ́rì Adéyanjú gbéra lọ sí Èkó. Nígbà tó dé Àgbàdo, omi tú jáde ní etí orí ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ sì kú síwájú ilé bàbá Wúlẹ̀mọ̀tù. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ifọ̀. Bùrẹ́ímọ̀ àti Mùsáfírù gbé gásíkẹ́ẹ̀tì mìíràn, wọ́n wọ rélùwéè. Nígbà tí wọ́n máa fi débẹ̀, èrò ọkọ̀ ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn àna rẹ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù sì ń bu omi fún wọn mu.

"Mẹkáníìkì, ibo ló jò?" Adéyanjú béèrè.

Bùrẹ́ímọ̀ mú sípánà. Ó ṣí orí náà, ó tún un ṣe, ó dé e, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé ìkẹrìnlá, sípánà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù káwọ́ gbera, ó ń wò ó. Ẹ ṣáà mọ ìgbéraga ọkùnrin náà: kò lè dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ níta gbangba. Ló bá dọ̀bálẹ̀ fún nọ́ọ̀tì.

"Nọ́ọ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ló ń wọlé kẹ́yìn. Ẹ̀yin lẹ máa ń kà wá pé lálaalẹ́ kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn ilé wa. Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, àsán ni gbogbo àwa yòókù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn."

Wúlẹ̀mọ̀tù fi ìborùn nu ojú.

"Nọ́ọ̀tì ti gbọ́," ó ní. "Ẹ dìde, kí ẹ fún un kó le."

Lọ́rì dé Èkó láìjò. Wọ́n ń darí bọ̀ sí Ifọ̀ nínú rélùwéè nígbà tí Mùsáfírù bi í pé kí ló dé tí kò ti sọ ọ́ níjọ́sí.

"Lójú oníbàárà?" Bùrẹ́ímọ̀ ní.

Ọyẹ́ ọdún 1958 ló mú Bùrẹ́ímọ̀ lọ. Kí Ọlọ́run bá wa fọ̀rùn kẹ́ ẹ. A fẹ́ràn rẹ̀, tòun tàgídí rẹ̀. Ìgbà tí Wúlẹ̀mọ̀tù jáde opó ló gbé oúnjẹ wá fún Mùsáfírù lábẹ́ igi odán, ó sì bá a nídìí orí ẹ́ńjìnnì kan. Mùsáfírù ń pe orúkọ lọ, kò sì sí ẹni tó dúró sétí títì bá a dáhùn. Àwọn tó ń kọjá ti mọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ já a lẹ́nu. Wọ́n kàn ń tẹríba, wọ́n ń rọra lọ.

Nígbà tó dé ìkẹrìnlá, kò lè pe orúkọ náà. Ó na sípánà sí Wúlẹ̀mọ̀tù. Obìnrin náà gbà á, ó fún nọ́ọ̀tì náà títí ó fi le, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

"Mo ti ti ilẹ̀kùn, Bàbá Tòún," ó ní. "Ẹ máa sùn."