Àwọn Tó Ń Gbé Ìsàlẹ̀ Kànga Wa

Ọdún tí omi kànga wa bẹ̀rẹ̀ sí í rùn ni bàbá mi pe ọkùnrin kan ní olè lójú gbogbo àdúgbò. Mo wà níbẹ̀, mo sì dákẹ́.

Ṣakí ni bàbá mi ti wá. Ó ti ń ta abọ́ àti ìkòkò ní ọjà Treichville, ní Abidjan, kí wọ́n tó bí mi. Anoumabo là ń gbé, níbi tí ilé ti fún mọ́ra débi pé bí aládùúgbò bá ń dín ẹja, ìwọ náà á mọ irú epo tó fi ń dín in. Omi ẹ̀rọ kì í lágbára ní òpópónà wa. Nítorí náà, bàbá mi àti àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí pinnu láti gbẹ́ kànga jíjìn, èyí tí à ń pè ní foraasi níbí, sí àgbàlá mọ́ṣáláṣí. Ọkùnrin Júlà kan láti àdúgbò Abobo ló gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ rẹ̀ fi lu ilẹ̀. Nígbà tí omi yọ, ó mọ́ gaara. Bàbá mi ló kọ́kọ́ bu mu, ó ní ó tutù lẹ́nu òun bí omi àpáta Ṣakí.

A lò ó fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń fa omi bàjẹ́, a ò sì rí i tún ṣe títí ìgbà òjò fi parí. Ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe, tí omi padà yọ, ńṣe ni àwọn obìnrin da omi inú garawa wọn nù. Omi náà dúdú díẹ̀, ó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹnìkan ní ohun kan ti kú sínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ọkùnrin Abobo yẹn kò gbẹ́ ẹ jìn tó, pé omi ṣáláńgá là ń fà.

Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó sì fi orúkọ Ọlọ́run búra pé ibi tí àwọn fẹnu kò sí lòun gbẹ́ ẹ dé. Bàbá mi kò gbà. Ó kígbe mọ́ ọn pé "Voleur!" Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi Faransé pè é ní olè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Ọkùnrin náà wò yíká, ojú rẹ̀ sì bà lé mi. Ó mọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí bàbá mi fúnra rẹ̀ ti fi mí yangàn lójú rẹ̀ rí: ilé àyẹ̀wò omi àti ilẹ̀ kan ní Cocody. Ó dúró bóyá màá sọ nǹkan. N kò sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bu omi náà sínú ìgò kan, kò kún, mo sọ ọ́ sínú báàgì, mo wọ woro-woro, takisí akérò. A há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá, oòrùn sì ń ta. Nígbà tí mo dé lábò, ilé àyẹ̀wò wa, mo da díẹ̀ sínú oúnjẹ tí a fi ń tọ́ kòkòrò àìfojúrí. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, nǹkan kan kò hù. Mo lọ sọ fún ọ̀gá mi, obìnrin àgbàlagbà tó kọ́ mi níṣẹ́.

Ó bi mí pé, "Báwo lo ṣe gbé e wá?"

Mo ṣàlàyé.

"Ìwọ lo pa àwọn kòkòrò náà nígbà náà," ni ó wí. "Inú òkùnkùn ni wọ́n ń gbé, níbi tí atẹ́gùn kò dé. Atẹ́gùn tó jẹ́ ẹ̀mí fún wa, májèlé ló jẹ́ fún àwọn wọ̀nyẹn. O wá fi ìdajì ìgò sílẹ̀ fún atẹ́gùn, o tún yáàrùn pẹ̀lú wọn ní gbogbo Abidjan."

Mo ní, "Màdáámù, mo ti ka èyí nínú ìwé."

"O kà á. O ò ṣe é."

Òun fúnra rẹ̀ bá mi lọ sí Anoumabo. A jẹ́ kí ẹ̀rọ fa omi fún ìgbà pípẹ́, títí èyí tó ti ń sùn nínú páìpù fi tán. A wá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kó omi sínú ìgò láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ó kún dé ẹnu, a sì dé e pa kí atẹ́gùn má ráyè wọlé. Bàbá mi dúró nítòsí pẹ̀lú tẹ̀súbáà rẹ̀.

Ní lábò, a pín omi náà sí ìgò mẹ́rin. A fi ọ̀kan sínú fíríìjì. A fi ọ̀kan síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí abẹ́ ilẹ̀ ṣe rí. Ẹ̀kẹta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n a fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ìkẹrin náà wà níbẹ̀, a sì fi díẹ̀ nínú omi ọ̀sà tó wà nítòsí àdúgbò wa kún un. Èyí tó wà nínú fíríìjì kò yí padà, èyí tí a fẹ́ atẹ́gùn sí kò yí padà. Èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dúdú díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a fi omi ọ̀sà sí, ní ọjọ́ kẹrin ó ti dúdú bí èédú. Mo ṣí i, òórùn kànga mọ́ṣáláṣí wa sì gbá mi nímú.

Mo jókòó ti bàbá mi lórí ẹní lẹ́yìn ìrun Alásárì. Yorùbá tí mo mọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó mi.

"Bàbá, àwọn ohun ẹlẹ́mìí kan wà nísàlẹ̀ kànga. Ojú ò lè rí wọn."

Ó ní, "Má sọ ọ́ báyẹn níta o. Wọ́n á ní iwin ni."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi lákọ̀tun. Mo ní omi ọ̀sà ti ń yọ́ wọ abẹ́ ilẹ̀ ní àdúgbò wa, ohun kan sì wà nínú iyọ̀ rẹ̀ tí àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń lò bí àwa ṣe ń lo atẹ́gùn. Nígbà tí wọ́n bá lò ó tán, òórùn imí-ọjọ́ ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́ ní gbogbo ìgbà òjò, omi dúró sójú kan, kò sẹ́ni tó dí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì pọ̀ sí i.

"Ọkùnrin yẹn ló gbé wọn wá ni?"

"Rárá, Bàbá. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ yìí. Ó gbẹ́ ẹ dáadáa."

Ó ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "O mọ̀ pé mo ṣì í pè, o ò sì sọ nǹkan."

"N kò mọ̀ nígbà yẹn, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ò mọ̀."

Gbólóhùn yẹn wúwo lẹ́nu ọmọ. Kò bínú. Ní ọjọ́ kejì a jùmọ̀ wọ gbáàká, bọ́ọ̀sì kékeré, lọ sí Abobo. Ọkùnrin náà wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ń tú bóòtù. Bàbá mi, ẹni tí n kò rí kó tẹríba fún ẹni tó kéré sí i rí, tẹ̀ síwájú, ó sì sọ ní èdè Júlà pé, "Hákẹ́ tó," ìyẹn ni pé, dárí jì mí. Ọkùnrin náà jáde, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n àárín èrò ni wọ́n ti bú òun.

Bàbá mi ní, "Òótọ́ ni."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dìde láàárín èrò, ó fi Faransé sọ pé òun purọ́ mọ́ ọmọlúàbí.

Ọkùnrin náà padà wá ṣiṣẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ sókè díẹ̀ kó má baà máa fa omi oníyọ̀ ìsàlẹ̀, ó fi oògùn fọ kànga, ó sì lu páìpù tó wọ inú táǹkì ní ihò wẹ́wẹ́ kí omi lè máa rọ̀ bí òjò kọjá nínú atẹ́gùn. Òórùn náà lọ. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fa omi fún ọjọ́ díẹ̀, ó máa ń padà, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

Bàbá mi bi mí nígbà kan pé, "Wọ́n ṣì wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wà, Bàbá. Wọn ò lè tán."

"Kí kálukú máa gbé àyè rẹ̀ nígbà náà."

Òun àti ọkùnrin Abobo náà kò di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà bímọ lẹ́ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ó ránṣẹ́ pe bàbá mi síbi ìsọmọlórúkọ, bàbá mi sì ti pa ìsọ̀ dé kí n tó béèrè bóyá ó máa lọ.