Orin Keje nínú Àwo Mi Àkọ́kọ́

Mo ti pa ìyá mi rí, gìtá sì ni mo fi pa wọ́n. Ẹ má fòyà. Wọ́n wà láyé, wọ́n ń sun oorun ọ̀sán ní yàrá kejì bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n lójú gbogbo ẹni tó gbọ́ àwo mi àkọ́kọ́, mo ti sin wọ́n.

Orin kọ́ńtírì, orin àwọn darandaran ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni mò ń kọ, èmi ọmọ Agége. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ páálí ní Àgídìngbì máa ń bi mí pé màlúù mi dà, ẹṣin mi dà. Rédíò ìyá mi ló kó bá mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, tí wọ́n bá ta búrẹ́dì dé, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á máa mirí sí orin àwọn òyìnbó oníbànújẹ́ yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ò yé wọn tó ìdajì. Wọ́n kàn ní ẹni tó ń kọrin náà ti jẹ ìyà rí.

Orin mẹ́jọ ni mo kó lọ sí situdíò. Ọkùnrin tó ń gba ohùn mi sílẹ̀ yínmú.

“Brọ, ó dùn o, àmọ́ ẹkún dà? Kọ́ńtírì láìsí ẹkún? Ta ló kú nílé yín?”

Bàbá mi ló kú, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà náà, mi ò mọ ojú wọn débi tí màá fi sunkún wọn. Ni mo bá jókòó sórí àga ike, mo pa orin keje tì, mo kọ òmíràn dípò rẹ̀. Mo kọ nípa òṣùká ìyá mi, ẹ̀gbẹ́ ojú irin tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, àpá iná tó wà lọ́wọ́ òsì wọn. Mo wá ní àtẹ ti ṣófo, ẹni tó ni ín ti lọ. Mo sunkún bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ohun tó ń tì mí lójú jù ni pé ẹkún náà dùn mọ́ mi.

Orin yẹn làwọn èèyàn fẹ́ràn jù. Ilé iṣẹ́ rédíò kan pè mí wá sórí ètò wọn láàárọ̀ Fráídè. Obìnrin olóòtú ètò rọ ohùn, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó ti tó ìgbà wo tí màmá ti lọ?”

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ pé àròsọ ni. Ṣùgbọ́n ó ń káàánú mi, àánú náà sì ń wọ̀ mí lára. Mo ní, “Kò tíì pẹ́.” Ẹyin lohùn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni orúnkún ò jẹ́ kí ìyá mi jáde lọ tajà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ètò rédíò yẹn, mò ń pààrọ̀ okùn gìtá nínú yàrá mi nígbà tí ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Ìyá mi lọ ṣí i, mo yọjú wò. Àwọn oníbúrẹ́dì méjì tí wọ́n jọ ń tajà ló dúró síta, wọ́n wá kí mi kú ọ̀fọ̀.

“Ìnnà lílláhì! Àkúdàáyà rèé o!” Èyí tó wà níwájú ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ó sá, bàtà rẹ̀ kan kù sẹ́nu ọ̀nà wa.

Èkejì ò sá. Ó fọwọ́ kan apá ìyá mi, ó tún fọwọ́ kàn án, ó bú sẹ́kún.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín ló sọ ọ́ lórí rédíò. Ẹnu ara rẹ̀ ni.”

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ìyá mi fún un lómi mu, wọ́n fi bàtà rán an sí ẹni tó sá lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọlé tọ̀ mí wá. Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Jẹ́ kí n gbọ́ ọ.”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú...”

“Mo ní jẹ́ kí n gbọ́ ọ.”

Mo tẹ fóònù. Wọ́n na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, wọ́n ń mirí bíi ti ọjọ́ Sọ́ńdè. Níbi òṣùká, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n wo àpá ọwọ́ wọn fún ìgbà pípẹ́.

“O mọ̀ mí lóòótọ́,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá wá lọ gan-an, kí lo máa kọ? O ti kọ ọ́ tán.”

Ní Mọ́ńdè, mo padà sí rédíò náà, mo ní irọ́ ni mo pa. Olóòtú ò rọ ohùn mọ́. Ìyá mi ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Àwọn oníbàárà ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ìyá mi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ni mi ò tíì rí orin mìíràn kọ nípa wọn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ti bá irọ́ yẹn lọ.

Wọ́n ń hanrun ní yàrá kejì báyìí. Nígbà tí ìhanrun náà bá dákẹ́ díẹ̀, màá gbé gègé sílẹ̀, màá dúró títí yóò fi tún bẹ̀rẹ̀.