Ìyùn Inú Ìkòkò Irú

Ọjọ́ tí èmi àti ìyá ọkọ mi gbé ìyùn láti Ìjerò lọ sí Ẹ̀fọ̀n kò lè kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n mú ọkọ mi lójú ogun, ẹni tó mú un sì ní ìyùn ni òun máa gbà kí òun tó fi í sílẹ̀. Olè pọ̀ lọ́nà nígbà náà. Ìyá fi ewé di ìyùn náà, wọ́n rì í sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irú, wọ́n sì so àpò owó ẹyọ díẹ̀ mọ́ mi nídìí.

"Bí olè bá dá wa dúró, èyí ni kí o fún un."

Lórí òkè, ọkùnrin kan yọ àdá sí wa. Mo fún un ní àpò náà, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó ní kí Ìyá sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì ki ọwọ́ bọ inú irú.

Ìyá rọra ní, "Ọmọ mi, fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ọbẹ̀ ìsìnkú ọmọ mi la fẹ́ fi sè."

Ó fa ọwọ́ yọ, ó kí wa kú ará fẹ́ra kù, ó sì gbé àpò owó wa lọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n tú ọkọ mi sílẹ̀. Ìgbà tí Ìyá fọwọ́ kan orí rẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwa méjèèjì la dì wọ́n mú délé.