Omi Tí Mo Kọ̀ ní Inísà

Mo rántí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ sí Inísà láti máa ṣe pásítọ̀ ìjọ kan níbẹ̀. Kí n tó kúrò ní Ìkìrun, ìyá mi pè mí sẹ́yìn ilé, wọ́n fa etí mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n ní, "Àìsàn ló lé pásítọ̀ tó wà níbẹ̀ kúrò. Má jẹun nílé ẹnikẹ́ni. Omi pàápàá, má mu ún." Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì dé, tí mo lè wàásù lórí ìgbàgbọ́ láti àárọ̀ dọ̀sán, ọ̀rọ̀ ìyá mi yìí ni mo gbà gbọ́ jù.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa ń bẹ àwọn ọmọ ìjọ wò nílé. Ó sì ti mọ́ àwọn èèyàn wa lára pé kí àlejò tó sọ ohun tó bá wá, omi ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀. Èmi á fọwọ́ tì í sẹ́yìn: "Ẹ ṣeun, ẹ má ṣèyọnu." Bó jẹ́ omi inú ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni ò tíì já, mo kọ̀ ọ́, torí mo ti rò ó pé abẹ́rẹ́ lè gba ibi tí ojú ò tó wọlé. Opó kan tiẹ̀ kọ́kọ́ mu díẹ̀ nínú ife náà níṣojú mi. Mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí, bẹ́ẹ̀ ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ọgbọ́n ni mo pè é nígbà náà.

Ọdún kan ni ìjọ fi ń dán pásítọ̀ tuntun wò, kí àwọn àgbà ìjọ tó pinnu bóyá á dúró tàbí á máa lọ. Ìyàwó mi ti rí iṣẹ́ olùkọ́ nílùú náà, a ò sì ní ibòmíràn tí a fẹ́ forí lé. Nígbà tó di bí oṣù keje, mo rí ohun kan tó da ọkàn mi rú. Ilé tí mo bá ti jáde ni bàbá díákónì, àgbà pátápátá nínú ìjọ, máa ń wọ̀ lẹ́yìn mi. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní ó ṣèèṣì ni. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fara pamọ́ sídìí igi máńgòrò kan, mo sì fojú ara mi rí bàbá tí wọ́n ń fọ̀pá tẹlẹ̀ wọlé. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ má dá mi lóhùn, Pásítọ̀. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà kì í fẹ́ jókòó síbì kan."

Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ní bàbá yìí ń kó ẹ̀sùn jọ láti fi lé mi lọ ni. Ní àkókò yẹn náà ni àwọn obìnrin ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi pé, "Olúwa á gba ààwẹ̀ yín o, sà." Ààwẹ̀ wo? Mo ní wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo pa ìwàásù tí mo ti kọ sílẹ̀ tì. Mo ní, "Júdásì kan wà nínú ìjọ yìí tó ń tẹ̀ lé òjíṣẹ́ Ọlọ́run láti ilé dé ilé." Bàbá díákónì ni mo ń wò. Gbogbo ìjọ yíjú sí wọn. Nígbà tí mo parí, bàbá nìkan ló ṣe àmín.

Bí a ṣe túká, ìyàwó wọn wọlé tọ̀ mí wá lẹ́yìn pẹpẹ. Ìyá náà ò jókòó.

"Pásítọ̀, ilé tí ẹ bá ti kọ omi, wọ́n á ní ṣé àjẹ́ lẹ pe àwọn ni. Bàbá á wá wọlé, wọ́n á ní ẹ ń gbààwẹ̀ ni, wọ́n á sì bá yín mu omi náà. Ife mẹ́fà, ife méje lójúmọ́! Irọ́ ni, mo mọ̀. Bàbá fúnra wọn ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn ọmọ wa wà nílé báyìí, inú ń bí wọn. Wọ́n ní àwọn ò ṣe ìjọ yìí mọ́, àti pé dandan ni kí ẹ lọ."

Ojú tì mí débi pé mi ò rántí ọ̀nà tí mo gbà dé ilé bàbá. Lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ohùn bàbá: "Ẹ fọwọ́ wọ́nú, ẹ̀yin ọmọ mi. Pásítọ̀ ń gbààwẹ̀ ni. Ebi ló sọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe òun." Gbogbo ilé ni wọ́n ti bẹ̀ nítorí mi, ó wá ku ilé tiwọn.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù lọ́rùn mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi." Nígbà tó yá, ọmọkùnrin wọn àgbà, tí inú ń bí jù, dìde, ó bu omi wá láti inú àmù. Mo mu ún tán láìmí. Bàbá wá kọjú sí àwọn ọmọ wọn.

"Ẹ ò rí i? Ó ti ṣínu."

Bàbá ti lọ sinmi báyìí. Òkukù ni mo wà, ewú ti gba orí mi. Ìfura ò kúrò lára mi, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín sí mi láìnídìí, mo ṣì máa ń bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ ilé ọmọ ìjọ, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè omi. Bí mo bá mu ún tán, mo máa ń ní kí wọ́n tún bu ife kan sí i, nítorí ti bàbá tó ti bá mi mu tèmi rí.