Àpò Fọ́tò tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Yọ̀ǹda

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Ifangni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ ní ẹnubodè Igolo, ilé ọkọ rẹ̀ sì wà ní Daagbé. Èmi àti òun nìkan ni ìyá wa bí. Tó bá ti ọjà dé, á yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, á bọ́ bàtà, á na ẹsẹ̀, á máa sọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kan ó ní òun fẹ́ kí n tẹ àwọn fọ́tò tí òun ti ń fi sórí ayélujára láti ọjọ́ yìí wá sórí ìwé. Mo ní ètò kan lórí ordinateur mi, ìyẹn kọ̀ǹpútà, tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe. Ó lè lọ mú fọ́tò èèyàn wá láti ojú ìwé onítọ̀hún lórí ayélujára, bí olúwarẹ̀ bá ti fún un láṣẹ. Mo tẹ ibi tó yẹ, ojú ìwé kan sì ṣí, ó ń bèèrè ní èdè Faransé bóyá a gbà kí ètò náà rí àwọn fọ́tò náà.

"Ta ló ń bèèrè?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹ̀rọ ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà tẹ *Autoriser*, pé ẹ gbà."

"Bon, dìde níbẹ̀ ná. Èmi fúnra mi ni màá tẹ̀ ẹ́."

Ó fi ọwọ́ òsì bo ọwọ́ ọ̀tún bó ṣe ń kọ mot de passe rẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí tó fi ń wọlé. Mo rẹ́rìn-ín. Ojú ìwé náà wá to àwọn àpò fọ́tò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kó sàmì sí èyí tó bá yọ̀ǹda. Ó sàmì sí gbogbo wọn, ó ku ẹyọ kan.

"Èyí ńkọ́?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Kò dára."

Mo rò pé fọ́tò tí kò mọ́ ló wà níbẹ̀.

Àwọn fọ́tò tó kù yọjú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìgbéyàwó kan wà lọ́wọ́ mi, mo pa ètò náà dé láìkó ẹyọ kan sínú ẹ̀rọ, mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó bèèrè lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo ní kó fún mi láyè díẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ọkọ rẹ̀ pè mí. "Àbúrò, ẹ̀gbọ́n rẹ ti fi wá sílẹ̀." Ibà ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní ó ṣe é. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ìyá wa pè mí sínú yàrá. "Wá fọ́tò rẹ̀ kan fún mi, èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó wà lára káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ yìí, kì í ṣe ọmọ mi rárá."

Mo ṣí ètò náà. Ó ní àṣẹ tí wọ́n fún òun ti parí, kí ẹni tó ni fọ́tò tún wọlé, òun yóò fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Mo gbé ordinateur náà sínú àpò, mo gun ọ̀kadà lọ sí Daagbé.

Fóònù náà wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, iná wà lára rẹ̀. "Mi ò lè pa á," ló wí. Mo ṣàlàyé ohun tí ìyá wa fẹ́. Mo wá tẹ ibi tí wọ́n kọ pé mo ti gbàgbé mot de passe mi, bí ẹni pé èmi ni òun. Fóònù náà dún. Ọkọ rẹ̀ ka kóòdù náà fún mi níkọ̀ọ̀kan. A wọlé. Ojú ìwé ìyọ̀ǹda tún ṣí, àwọn àpò fọ́tò tún tò sílẹ̀. Mo sàmì sí wọn títí mo fi kan ọ̀kan tó kẹ́yìn.

"Fi ìyẹn sílẹ̀, àbúrò," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Mo wò ó. Kò lè wo ojú mi. Mo sàmì sí i.

Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni mo ti rí ẹ̀gbọ́n mi, omi ń kán sí i lára, irun orí rẹ̀ ti tán. Ọjọ́ tó wà lára àwọn fọ́tò náà bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó sọ fún wa pé òun lọ kó ọjà ní Cotonou.

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì ń wò wá níran!"

"Ó mú mi búra ni. Ó ní ìyá yín kò tíì ṣọ̀fọ̀ bàbá yín tán, kí n má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀fọ̀ òun nígbà tí òun ṣì wà láàyè. Ó ní òun fẹ́ ibì kan tí wọn kò ti ní máa wo òun bí aláìsàn. Ọ̀dọ̀ rẹ ni ibẹ̀."

Mo sọ fún un pé ọkọ burúkú ni. Mo gbé àpò mi, mo jáde. Ojú ọ̀nà ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó pé obìnrin tó ń bèèrè fọ́tò lẹ́ẹ̀mẹta yẹn mọ̀ pé ọjọ́ ò pọ̀ mọ́. Mo sunkún lẹ́yìn ọlọ́kadà, ọkùnrin náà kò yíjú wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo kó fọ́tò kan ṣoṣo sínú ẹ̀rọ, mo sì gba àṣẹ náà padà lọ́wọ́ ètò ọ̀hún. Mo tẹ fọ́tò náà: ẹ̀gbọ́n mi níwájú ìsọ̀ rẹ̀, aṣọ léjìká, ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Ìyá wa fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó fi etí ìró nù ún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí eruku níbẹ̀. N kò sọ ohun tí mo rí fún un. Títí di òní, n kò tíì sọ ọ́.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó padà lọ sí Daagbé. Ọkọ rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ nínú àgbàlá. Mo kúnlẹ̀, mo ní kó foríjì mí fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ.

"Dìde," ló wí. "Ọ̀bẹ kan wà níbẹ̀ yẹn."

Mo jókòó, mo bá a bó ẹ̀gẹ́ títí a fi gbọ́ ìpè Aláásárì. A kírun pọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní kí n máa yà lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo sì ń yà.